Ìlà Tí Kàrímọ́tù Fà Láti Ọwọ́ Ọ̀tún

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹja kì í lọ sí ilé ìwé, ẹ ní kó wá béèrè ní Kàbáwà, ní Lọ́kọ́jà. Ẹja àrọ̀ mẹ́rin lọ, díẹ̀ ló kù kí wọ́n tú ilé onílé ká.

Ọdún méjì ló kù kí òmìnira dé. Ọ̀sán ọjọ́ Àlàmísì kan ni. Ọ̀ṣẹ́nì télọ̀ ti ìdí máṣínì rẹ̀ dé, ebi ń pa á, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kó lè tètè rí ìkòkò. Ìkòkò kọ́ ló rí. Wáyà tí ìyàwó rẹ̀ fi ń yan ẹja ló rí, wáyà tí ojú rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin-mẹ́rin yẹn, ó nà gbalaja sórí ààrò tí kò níná. Ẹja mẹ́rin péré ló wà lórí rẹ̀, wọn ò sì tò bí ẹja ọmọlúàbí. Ọ̀kan wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, èkejì ga jù ú lọ díẹ̀, ẹ̀kẹta tún ga ju ìyẹn, ẹ̀kẹrin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ lókè lọ́hùn-ún lápá òsì. Àfi bí ẹni pé wọ́n ń gun àkàbà. Kàrímọ́tù fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ síwájú ààrò, ó ń fi ìka ka ojú wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń mi èjìká, ó ń kọrin:

Mẹ́ta síwájú o,
Méjì sókè,
Ẹni tó bá kánjú
A yọ̀ ṣubú.
Mẹ́ta síwájú o,
Méjì sókè.

"Súbùhánálàhì!" Ọ̀ṣẹ́nì dúró gbagidi. "Kàrímọ́tù, ta lo ń sà sí?"

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Làtífù. Ẹ rọra o, ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀kẹta yẹn, òun ló yọ mí lẹ́nu jù."

"Mo ní ta lo ń sà sí! Ta ló ṣẹ̀ ọ́ ní Kàbáwà tí o fi ń fi ẹja pe orúkọ rẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Iṣẹ́ tí Tíṣà ní ká ṣe wá láti ilé ni. Ìlà ni. Ìlà tó ń gòkè."

Ọ̀ṣẹ́nì wo ẹja, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ìkòkò túwó tó dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Túwó mi ńkọ́? Ṣé òun náà ti gòkè ni?"

Ẹ̀kọ́ àgbà ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí àwọn Gàmbàrí ń pè ní Yaki da Jahilci, ogun tí a ń bá àìmọ̀kan jà. Ìjọba ní kí àgbà wá kàwé, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Yàrá kan ní ilé ìwé tó wà lọ́nà Nàtákò ni wọ́n fún àwọn obìnrin, ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n bá kírun Ayílà tán títí di ìgbà tí wọ́n bá pe Alásàrì. Olùkọ́ wọn ni Bámiṣayé, ọmọ Yàgbà, ọ̀dọ́kùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ṣòkòtò rẹ̀ máa ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí ẹni pé kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. A, B, D àti ìṣirò wẹ́wẹ́ ni ìjọba ní kó kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n òun náà ń múra ìdánwò tirẹ̀, ìdánwò tí yóò sọ ọ́ di ojúlówó tíṣà, ọ̀rọ̀ ìlà àti igun sì ti fẹ́ gba oorun lójú rẹ̀. Ohun tó bá há sórí láàárọ̀ ló ń kọ́ àwọn ìyá lọ́sàn-án kó má baà gbàgbé. Bí àwọn tó ń ta ẹja, àwọn tó ń ta iyọ̀, àwọn tó ń ta òwú, ṣe bẹ̀rẹ̀ álíjébúrà ní Lọ́kọ́jà nìyẹn, kí wọ́n tó mọ bí a ti ń kọ lẹ́tà sí ọmọ ẹni.

Àwọn kan sá. Kàrímọ́tù kò sá. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí wọ́n gbé wàláà, pátákó tí àwọn ọmọ kéwú ń kọ̀wé sí, lé e lọ́wọ́ ní agbo ilé bàbá rẹ̀, àwọn ará Ìlọrin tó ti pẹ́ ní Kàbáwà débi pé ojú ọ̀nà Ìlọrin ti dí mọ́ wọn. Ó ń fi kálámù àti tàdáwà kọ ọ́, láti ọ̀tún lọ sí òsì, ohùn rẹ̀ ló sì máa ń ròkè jù láàárín àwọn ọmọ kéwú. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, bàbá ní kó gbé wàláà sílẹ̀, kó wá yan ẹja. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kà á títí wọ́n fi ṣe wòlímọ̀. Òun yan ẹja fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Kò bínú, orin ló ń kọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Bámiṣayé kọ́kọ́ na ṣọ́ọ̀kì sí i tó ní, "Màmá, ó kàn yín," ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á bí ìyàwó tuntun tó ń gba igbá lọ́wọ́ ìyá ọkọ.

Ọ̀ṣẹ́nì kò mọ ìyẹn. Ọ̀ṣẹ́nì kì í ṣe ènìyàn burúkú, ebi ló máa ń ṣe é. Ó jókòó sórí àpótí, ó bọ́ fìlà, ó na ìka sí i.

"Gbọ́, Ìyá Làtífù. Mo gbọ́ pé olùbẹ̀wò ń bọ̀ wá sí kíláàsì yín ní Àlàmísì tó ń bọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní yóò pe ẹnì kan sídìí pátákó."

"Ìwọ ni kó pè. Bí o bá gbà á, mo fi Ọlọ́run búra, túwó ì báà dé lẹ́yìn Ìṣáì, o kò ní gbọ́ ẹnu mi mọ́ títí ayé. Bí o kò bá gbà á, ọjọ́ náà ni ìwé parí. O ó to ẹja padà sí bí Ọlọ́run ṣe ní ká máa tò ó."

"Bàbá Làtífù, ẹ ti búra?"

"Mo ti búra."

Kàrímọ́tù ṣí ìkòkò, ó bu túwó fún un. Nínú ọkàn rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí ọkùnrin fẹ́ gba pátákó lọ́wọ́ òun nítorí oúnjẹ.

Ní ọjọ́ Ajé, ó gbé ìwé rẹ̀ lọ fún Bámiṣayé. Ó ti da ẹja mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ sínú ìwé, ó fi ìlà so wọ́n pọ̀. Òróró ẹja ti rin ojú ewé náà débi pé bí ẹ bá gbé e sókè, ẹ ó rí ìta láti inú rẹ̀. Bámiṣayé dì í mú ní etí.

"Màmá, ẹ ṣe é dáadáa. Ojú mẹ́ta síwájú, ojú méjì sókè, kò sí èyí tó yẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni. Ọ̀tún lẹ ti bẹ̀rẹ̀."

"Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

"Òsì."

Bàṣírátù oníyọ̀, ọ̀rẹ́ Kàrímọ́tù tó máa ń jókòó tì í, na ọrùn síwájú.

"Tíṣà, ẹ tún un sọ ká gbọ́."

"Òsì ni. Ọwọ́ òsì."

"Ọwọ́ òsì tí a fi ń ṣe kí ni? Tíṣà, ẹ dákun, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ni o!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Kàrímọ́tù kò rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ yìí ká a lára.

"Tíṣà mi, ọ̀tún la fi ń jẹun. Ọ̀tún la fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún la fi ń wọ mọ́ṣáláṣí. Ta ló ń ti òsì bẹ̀rẹ̀ ohun rere?"

"Màmá, ṣé òsì kọ́ lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ A, B, D ni?"

"A, B, D, ti òyìnbó ni. Bí òyìnbó bá ní kí n fi ẹ̀yìn rìn nínú ilé rẹ̀, mà á fi ẹ̀yìn rìn. Ṣùgbọ́n ìlà kì í ṣe ti òyìnbó. Òkè Pátì ń bẹ níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ta ló béèrè lọ́wọ́ òkè pé òsì ni tàbí ọ̀tún?"

Bámiṣayé họ orí. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó tún un pa dé.

"Àdéhùn ni, Màmá," ó ní nígbẹ̀yìn. "Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é ló fi àdéhùn sí òsì. Bí ẹ bá ti ọ̀tún gòkè, ẹni tó ń ti òsì wò ó yóò ní ńṣe ló ń sọ̀ kalẹ̀. Yóò sì fi àmì ìyọkúrò síwájú rẹ̀."

"Èmi làágùn gòkè, ẹlòmíràn wá yọ ọ́ kúrò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ayé mà le o."

Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ mu omi kò ní bá ìkòkò jà. Kàrímọ́tù gbà láti ti òsì bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò gbà. Bó bá ti gbé ṣọ́ọ̀kì, tó gbàgbé ara rẹ̀ bíńtín sínú orin, ọwọ́ á ti lọ sọ́tùn-ún bí ewúrẹ́ tó mọ ilé. Bàṣírátù ló gbà á nímọ̀ràn: ó já òwú pupa kan, ó so ó mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́ òsì.

"Bí o bá ti rí òwú yìí, ibẹ̀ ni kó o bẹ̀rẹ̀. Má ṣe ronú. Ìrònú ló ń mú ọ ṣìnà."

Òwú náà ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti òsì bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra. Ọjọ́rú, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó yan ẹja jóná.

Àlàmísì dé. Kàrímọ́tù wọ bùbá tí kò ní òórùn ẹja, ó lọ ṣe àlùwàlá kó lè kírun Ayílà kó tó jáde. Omi àlùwàlá gbọ́dọ̀ kan ara, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti kékeré, nítorí náà ó tú òwú pupa, ó gbé e sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tùrù. Ó kírun, ó tọrọ ohun tó fẹ́ tọrọ, ó gbé ìwé, ó sáré lọ. Orí òkúta ni òwú wà.

Olùbẹ̀wò tó dé lọ́jọ́ náà ń jẹ́ Mákánjúọlá, ará Ìjùmú, ọkùnrin gíga tó wọ ṣòkòtò péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ funfun tó ga dé orúnkún.

"Ọ̀kun o, ẹ̀yin ìyá!"

"Ọ̀kun o, sà!" Gbogbo wọn dìde.

Ó yí kíláàsì wò, ó rí ohun tó wà lára pátákó: ìlà, igun, nọ́ńbà. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Bámiṣayé, ta ló ní kó o kọ́ wọn ní èyí?"

"Sà, wọ́n... wọ́n béèrè ni, sà."

"Àwọn ìyá béèrè álíjébúrà?"

"A béèrè o!" Bàṣírátù lọgun. Kò béèrè rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n àánú Tíṣà ṣe é.

Mákánjúọlá rẹ́rìn-ín. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ kó tó wọ̀ mí lórí. Ó dára. Ẹ jẹ́ kí n rí ìyá kan tó mọ̀ ọ́n." Ó nawọ́ sí àárín. "Ẹ̀yin tí ẹ ń mi èjìká yẹn, Màmá, ẹ bọ́ síwájú."

Kàrímọ́tù bọ́ síwájú. Bó ṣe gbójú sókè báyìí, orí mẹ́ta ló rí lójú fèrèsé. Ọ̀ṣẹ́nì ni, pẹ̀lú télọ̀ méjì tí wọ́n jọ ń lo ìsọ̀ kan náà, téèpù sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti wá fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ìdájọ́. Ó tilẹ̀ juwọ́ sí i.

"Nọ́ńbà kan fara pamọ́," Mákánjúọlá ní. "Mo sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Mo fi mẹ́ta kún un. Ó di mọ́kànlá. Nọ́ńbà wo ló fara pamọ́?"

Ìyẹn kò ba Kàrímọ́tù lẹ́rù. Bó ṣe yé e láti ọjọ́ kìíní ni pé nọ́ńbà tí wọ́n fi kún òmíràn, àlejò tó wọlé ni. Ẹni tó wọlé kẹ́yìn ló sún mọ́ ilẹ̀kùn jù, òun ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ó ya ẹnu, orin bọ́ síta:

Mẹ́ta tó dé gbẹ̀yìn,
Ẹ dìde, ẹ máa lọ,
Ó ku mẹ́jọ nílé o,
Ẹ pín ara yín sí méjì...

"Màmá, kò sí orin níbí," Mákánjúọlá ní. "Ìdánwò ni."

"Mẹ́rin ni, sà," Kàrímọ́tù ní.

Olùbẹ̀wò yọ gègé. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Lójú fèrèsé, Ọ̀ṣẹ́nì yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀: "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ọ̀rẹ́ náà ní òun kò mọ̀.

"Ó ku ọ̀kan. Ọ̀nà kan bẹ̀rẹ̀ létí omi. Bí ẹ bá rìn síwájú ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹ ti gòkè ní ẹsẹ̀ méjì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ títí. Ẹ fa ọ̀nà náà fún mi. Kí ẹ sì sọ bí yóò ti ga tó nígbà tí ẹ bá rìn síwájú ní ẹsẹ̀ méjìlá. Láìkọrin o!"

Orin ẹja gan-an ni! Kàrímọ́tù fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kò gbọdọ̀ kọ ọ́, orin tí a sé mọ́ ọn lẹ́nu sì bọ́ sí èjìká, láti èjìká ó bọ́ sí ìdí, gbogbo kíláàsì ń wo ìdí rẹ̀ tó ń ka mẹ́ta, ka méjì. Ó wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ láti rí òwú. Kò sí òwú. Ó wo èkejì. Kò sí. Níbi tó ti ń wò ó yẹn, ọwọ́ kò dúró dè é. Ọwọ́ ti gbé ṣọ́ọ̀kì lọ sí ibi tó mọ̀ láti ọmọ ọdún méje. Mẹ́ta síwájú, méjì sókè. Mẹ́ta síwájú, méjì sókè. Ìlà náà gún, ó mọ́, ó lẹ́wà.

"Mẹ́jọ, sà. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ga."

"Mẹ́jọ ni lóòótọ́," Mákánjúọlá ní. Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ṣùgbọ́n ìlà yìí ń sọ̀ kalẹ̀ ni, Màmá. Mo ní kí ẹ gòkè, ẹ̀yin ń lọ bọ́ sínú omi."

Bámiṣayé fọwọ́ bo ojú. Bàṣírátù kígbe pẹ̀lẹ́, "Òwú! Òwú dà?" Kàrímọ́tù wo ohun tó fà. Ó ti parí. Ó ti ń gbọ́ òórùn èéfín ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n mìíràn.

"Irọ́!"

Gbogbo ojú yí sí fèrèsé.

"Ta nìyẹn?" olùbẹ̀wò béèrè.

"Èmi Ọ̀ṣẹ́nì télọ̀ ni, èmi ni mo ni ẹni tó fà á. Ta ló ní ìlà yẹn ń sọ̀? Ìlà yẹn ń gòkè! Ojú mi rèé!"

Ẹ má bi mí pé kí ló ṣe é. Láti kékeré ni òun náà ti ń kọ wàláà, láti ọ̀tún lọ sí òsì, bí ojú rẹ̀ sì ṣe ń ka nǹkan nìyẹn. Ó wò ó láti ọ̀tún, ó rí i tó ń gòkè gbọnrangandan. Wàyí o, kí ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ wá pe ìyàwó rẹ̀ ní òpùrọ́ lójú àwọn ará ìsọ̀? Ó gbàgbé túwó. Ó gbàgbé ohun tó tìtorí rẹ̀ wá. Ó yí ká, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, ó yọ téèpù lọ́rùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn pátákó ìjọba.

"Ẹ wá wò ó, ọ̀gá. Mẹ́ta, méjì. Mẹ́ta, méjì. Mẹ́ta, méjì. Mẹ́ta, méjì. Kò fi ìwọ̀n èékánná yẹ̀! Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń gé aṣọ, n kò tíì gé ìlà tó mọ́ báyìí rí."

"Bàbá, n kò sọ pé kò mọ́. Apá òsì la ti ń ka ìlà."

"Ẹ dákun, ẹ wo ṣòkòtò tẹ́ ẹ wọ̀ yẹn."

Mákánjúọlá wo ṣòkòtò rẹ̀. Àwọn obìnrin náà wò ó.

"Ojú rírán abẹ́ itan ọ̀tún ń gòkè bọ̀ wá sí àárín, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ti òsì náà ń gòkè bọ̀ wá sí àárín. Wọ́n dojú kọ ara wọn. Bí mo bá rán ọ̀kan kó máa gòkè, tí mo rán èkejì kó máa sọ̀ kalẹ̀, ṣé ẹ ó lè rìn dé ibí?"

Bàṣírátù ṣubú lu bẹ́ǹṣì. Kíláàsì dàrú. Olùbẹ̀wò pa itan pọ̀ láìmọ̀.

"Mo fi Ọlọ́run búra," Ọ̀ṣẹ́nì lọgun, ó na téèpù sókè, "ìyàwó mi gbà á! Ẹni tó bá ní kò gbà á, kó wá bá mi nísọ̀!"

"Bàbá Làtífù." Kàrímọ́tù ló pè é, ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ẹ ṣeun. Ẹ sún díẹ̀ fún mi."

Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fa ewé olóróró yẹn ya. Ó gbé e sókè sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ìlà tó wà nínú rẹ̀ hàn kedere.

"Ọ̀gá, ojú yìí rèé. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́tùn-ún." Ó yí ewé padà. Ìlà náà hàn láti ẹ̀yìn. "Ẹ̀yìn rẹ̀ rèé. Òsì ló ti bẹ̀rẹ̀. N kò pa á rẹ́, n kò tún un fà. Níbi tẹ́ ẹ dúró sí, ó ń sọ̀. Níbi témi dúró sí, ó ń gòkè. Ìlà kò mọ̀ pé à ń wo òun."

Ó mú aṣọ ìnupátákó, ó nu ohun tó fà kúrò. Ọ̀ṣẹ́nì ké bí ẹni tí wọ́n gé lọ́wọ́. Kàrímọ́tù gbé ṣọ́ọ̀kì lọ sápá òsì, ó dúró, ó wo olùbẹ̀wò.

"Ṣùgbọ́n Tíṣà mi ti sọ pé àdéhùn ni. Àdéhùn sì ni à ń pa mọ́, bí kò tilẹ̀ wù wá. Ẹ jọ̀ọ́, sà, láìsí orin, kò ní ṣeé ṣe."

Mákánjúọlá wo Bámiṣayé, ó wo téèpù Ọ̀ṣẹ́nì, ó wo ewé olóróró. "Ẹ kọ ọ́," ó ní.

Ó kọ ọ́. Bàṣírátù gbè é, àwọn yòókù gbè é, àwọn télọ̀ méjì gbè é lójú fèrèsé. Mẹ́ta síwájú o, méjì sókè. Ìlà ti òsì dìde, ó gòkè gẹ̀ẹ́rẹ́, ó dé orí mẹ́jọ, ó dúró.

Olùbẹ̀wò kọ ọ̀rọ̀ gígùn sínú ìwé rẹ̀. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó kà á síta ní Yorùbá kí gbogbo wọn lè gbọ́: ìyá yìí gba nọ́ńbà, ó gba gíga, ìlà rẹ̀ gún, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kò tíì gbọ́ràn, kí ó máa wá sí kíláàsì títí ọwọ́ náà yóò fi gbọ́ràn.

Lójú ọ̀nà ilé, Ọ̀ṣẹ́nì ń ká téèpù rẹ̀, ó ń tú u, títí wọ́n fi kọjá ọjà. Ojú rẹ̀ ń lọ, ń bọ̀, ó ń ronú.

"Ìyá Làtífù. Ohun tí ọkùnrin yẹn kà... Kì í ṣe pé o gbà á tán, àbí? Ó ní ó ku ọwọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ló wí."

"Nígbà náà, ohun tá a jọ sọ..."

"Bàbá Làtífù, ta ló gbé téèpù sókè lójú gbogbo ènìyàn, tó fi Ọlọ́run búra pé mo gbà á?"

Ọ̀ṣẹ́nì dúró lójú ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a.

"Inú ló ń bí mi."

"Ṣé ká padà lọ sọ fún wọn pé irọ́ lẹ pa? Àwọn ará ìsọ̀ yín ṣì wà níbẹ̀, ẹ ó bá wọn."

"Ta ló ní irọ́? Ìlà yẹn ń gòkè! Títí di ìsinsìnyí ó ń gòkè!"

"Ẹ ṣeun, ọkọ mi," Kàrímọ́tù ní, ó sì ń kọrin lọ.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Bámiṣayé kọ ẹ̀yìn sí kíláàsì, ó ń ya onígun mẹ́ta, ó gbọ́ tí nǹkan rọ́ kẹ̀kẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀ṣẹ́nì ló gbé àpótí ìsọ̀ rẹ̀ wá. Kò wọlé nítorí pé ti obìnrin ni kíláàsì, ṣùgbọ́n ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà gan-an débi pé afẹ́fẹ́ kò lè kọjá. Ó ní òun kò wá kàwé. Ó ní ẹni tó bá fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ti òsì ka nǹkan, ojú ni kó máa fi ṣọ́ ọ.

Kò tíì jókòó tán tó ti bẹ̀rẹ̀.

"Tíṣà, igun yẹn ti pọ̀ jù! Bí mo bá gé abẹ́ apá agbádá bẹ́ẹ̀, yóò ya! Ẹ dín in kù! Ẹ tún—"

"Bàbá Làtífù," Kàrímọ́tù ní láìyíjú, ó ń kọ nǹkan lọ, "bẹ́ẹ̀ kọ́ la ń ṣe níbí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ọwọ́ ló ń nà sókè."

Kíláàsì ń wò ó. Télọ̀ wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ṣa ọ̀kan, ó nà á sókè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbé aṣọ olówó iyebíye.

"Ẹ̀n-ín, Bàbá," Bámiṣayé ní, "a ń gbọ́ yín."

Ọ̀ṣẹ́nì ya ẹnu. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò tíì sí ẹni tó dákẹ́ dè é báyìí rí.

"Mo ti gbàgbé," ó ní, ṣùgbọ́n kò sọ ọwọ́ kalẹ̀.